Igbó ìgbafẹ́ àdúgbò: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, báwo la sì ṣe lè ṣe àjọyọ̀ rẹ̀?

Ará_Ìdí_Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa igbó. Igbó ìgbafẹ́ kan wà tí àdúgbò mẹ́ta yí ká, ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 25. Ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan péré ló ń ṣọ́ ọ. Àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà inú rẹ̀, ewéko àjèjì ti gba etí rẹ̀, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Èèyàn 40 ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wí ni pé ká ra ọmọ igi 500, ká gbìn ín lọ́jọ́ Sátidé kan, ká fi orin àti ìjẹun kádìí rẹ̀, ká sì máa pè é ní Ọjọ́ Igbó. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni ẹni tí kò lè gbé ọkọ́ máa ṣe?

Aṣọ́gbó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹ fi ọmọ igi 500 yẹn sílẹ̀ ná. Igbó tó bá ṣì ní igi àgbà nínú, irúgbìn kò wọ́n nínú ilẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́, ẹyẹ àti àdán sì ń gbé òmíràn wọlé lójoojúmọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà kò ju mẹ́ta lọ: ewéko àjèjì tó bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn tó tẹ ilẹ̀ le, àti àgbàrá tó ń kó ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Ẹ bá wọn mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó rà á máa hù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé ló ṣíwájú. Kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá wọlé, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni igbó náà, torí ẹ̀ṣọ́ kò mọ bó ṣe máa dá ẹni tó ń tún igbó ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń jí igi gé. Ojú ìwé méjì ti tó. Kó sọ apá ibi tẹ́ ẹ ó ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣe láìtún béèrè, èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ fún, irinṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ rí, ẹni tó máa wá kó ìdọ̀tí àti ewéko tẹ́ ẹ bá fà tu, ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú bí ẹnì kan bá fara pa, àti òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ó máa pè. Níbi òṣìṣẹ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ ipò rẹ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, àdéhùn tó rọ̀ mọ́ orúkọ kan ṣoṣo á di ìwé lásán.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ rìn ín. Èèyàn mẹ́rin àti fóònù kan tó ń tọ́ka ibi téèyàn wà ti tó. Ẹ yí ààlà rẹ̀ ká ná, kẹ́ ẹ tó gba gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ mẹ́ta kun àwòrán ilẹ̀ náà: àwọ̀ ewé fún ibi tó ṣì dára, ìyeyè fún ibi tí ewéko àjèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, pupa fún ibi tó ti bàjẹ́ tán. Àwòrán yìí ni gbogbo àríyànjiyàn yín máa dá lé lórí, ẹ yáa tètè yà á.

Ìyá_Nọ́sìrì:
Mo bá Aṣọ́gbó dé ìdajì ọ̀nà. Igi gbígbìn ní àyè tirẹ̀: etí igbó tó kọjú sí títì, ibi tí wọ́n ti gé igi tó sì ti di gbalasa, bèbè odò tó ń ya. Níbẹ̀, bí ẹ bá ń dúró de ẹyẹ, koríko ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

Ṣùgbọ́n 500 kọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ igi tuntun ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 15 omi lọ́sẹ̀ nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Fún 500, lítà 7,500 nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 300, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló máa gbé e? Bó bá jẹ́ igi 60, lítà 900 ni, kẹ́ẹ̀gì 36. Èèyàn 12 á gbé mẹ́ta mẹ́ta, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wu àlejò pàtàkì. Jíjìn kòtò kò gbọ́dọ̀ ju gíga ìdì erùpẹ̀ tó wà lára gbòǹgbò lọ, fífẹ̀ rẹ̀ ni kó tó ìlọ́po méjì. Kòtò tó jìn jù máa ń pa igi: erùpẹ̀ tútù tẹ́ ẹ dà sísàlẹ̀ á rì, igi á bá a rì, omi á máa dúró sídìí rẹ̀, èèpo ibẹ̀ á jẹrà. Ibi tí ara igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Ẹ bọ́ ọ̀rá dúdú yẹn kúrò pátápátá. Gbòǹgbò tó bá ti ń yí po nínú ọ̀rá, ẹ fi ọ̀bẹ gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa yí lọ títí á fi fún igi náà pa lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí ẹ ó sì máa wí pé igi yìí ti ń dàgbà dáadáa, kí ló ṣe é.

Ewé gbígbẹ tàbí èérún igi ni kẹ́ ẹ fi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kó sì jìnnà sí ara igi tó ìbú ọwọ́ kan. Àwọn tó ń kó o jọ gègèrè mọ́ ara igi, èèpo igi náà ni wọ́n ń sọ di rírà.

Ní ti irú igi, èyí tó ti wà nínú igbó yẹn tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ṣa èso lábẹ́ igi tó pé mẹ́wàá nínú irú kan náà, kí gbogbo àwọn ọmọ má baà jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ẹ má sì ṣà ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ohun jíjẹ ẹranko ni.

Fàátu:
Ní ti àwòrán aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, mo fẹ́ kìlọ̀. Ibi pupa ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ. Ibẹ̀ ló burú, gbogbo ayé ló ń rí i, fọ́tò rẹ̀ á sì dùn ún gbé síta bí ẹ bá ro ó tán. Ẹ yẹra fún un. Ibi àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Joan àti Eileen Bradley, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, láti àwọn ọdún 1960. Mẹ́ta ni ìlànà wọn. Àkọ́kọ́, ibi tó dára lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́ lọ síbi tó burú. Ìkejì, ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá dà rú kò gbọ́dọ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ sì dá ewé gbígbẹ padà sórí rẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí inú kì í dùn sí: ẹ má ro ju ibi tí igi ìbílẹ̀ lè tètè hù bò lọ. Bí ẹ bá ṣí ibi pupa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn á kan ilẹ̀, gbogbo irúgbìn ewéko àjèjì tó ti sùn síbẹ̀ á jí pa pọ̀. Èèyàn 40 lè ro ibi tí wọn kò ní lè tọ́jú lọ́dún kan, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń ṣe é. Ewé Akíntọ́lá, Chromolaena odorata, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ọmọ kékeré rẹ̀ á bá ọwọ́ wá lẹ́yìn òjò. Èyí tó ti dàgbà, ẹ fi ọkọ́ yọ ìdí rẹ̀ tó le, torí bí ẹ bá fi àdá bẹ́ ẹ, á rú padà pẹ̀lú ẹ̀ka tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹwọ̀n adẹ́lẹ̀, Lantana camara, bákan náà ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́gùn-ún, ìbọ̀wọ́ aláwọ ló bá a mu, ẹyẹ ló sì ń gbé èso rẹ̀ kiri. Méjèèjì, kí wọ́n tó tanná ni kẹ́ ẹ ti wọlé tọ̀ wọ́n. Èyí tó bá ti so, ẹ kọ́kọ́ gé orí rẹ̀ sínú àpò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

Ìtàkùn àjèjì tó ti gun igi: ẹ gé e ní ìwọ̀n kókósẹ̀, kẹ́ ẹ tún gé e ní ìwọ̀n àyà, kẹ́ ẹ yọ agbede méjì yẹn kúrò. Tòkè á gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ má fà á wálẹ̀ o. Ẹ̀ka igi lẹ ó fà bọ́, tàbí kí òkú ẹ̀ka já lé yín lórí. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ ewéko tọ́ka rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, torí kì í ṣe gbogbo ìtàkùn ni ọ̀tá, òmíràn ni ọ̀nà tí ẹranko ń gbà láti igi sí igi.

Ohun tẹ́ ẹ bá fà tu, orí àpáta tàbí tapólì ni kẹ́ ẹ kó o jọ sí. Lórí ilẹ̀ tútù, á ta gbòǹgbò padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ padà síbẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá ní padà, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ará_Ìdí_Igbó:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹnì kan nínú wa ní oògùn apakoríko ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á fi ta wá lọ́rẹ. Ṣé ká gbà á?

Fàátu:
Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà. Fífọ́n ọn káàkiri inú igbó á pa ọmọ igi tẹ́ ẹ ń wá, á sì bá òjò wọ odò. Ìgbà kan tó wúlò ni kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tí aláṣẹ igbó sì fún láṣẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì kun kùkùté tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán, kó tó gbẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé.

OjúỌ̀nà:
Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù. Omi ló ń ba ọ̀nà igbó jẹ́. Ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ àárín ọ̀nà wọlẹ̀, àárín yẹn á di kòtò gbọọrọ, àgbàrá á gbà á ṣe odò. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ náà á di ẹrẹ̀. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 1 á di mítà 4, gbòǹgbò igi á sì yọ síta.

Ẹ lọ wò ó nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, tí kò bá sí àrá àti ìjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú òjò sàn ju wákàtí méjì nínú oòrùn lọ. Ẹ ó rí ibi tí omi ti ń wọ ọ̀nà, ibi tó ti ń sáré, àti ibi tó ti fẹ́ jáde tí ebè kékeré kan etí ọ̀nà kò jẹ́. Ebè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ ṣí. Ọkọ́ mẹ́ta, àárọ̀ kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ojú ọ̀nà dà kó lè máa da omi nù: etí tó wà lápá ìsàlẹ̀ òkè ni kó relẹ̀ ju ti òkè lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 fún mítà 1 tí ọ̀nà fẹ̀. Bí ẹ bá ń la ọ̀nà tuntun, nínú mítà 10 tẹ́ ẹ bá rìn, kó má gòkè ju mítà 1 lọ. Ó sì tún kù: gíga ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì gíga ẹ̀gbẹ́ òkè náà lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá ń fi mítà 1 ga nínú mítà 10, ìdajì mítà ni ọ̀nà lè fi ga. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi kò ní gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ọ̀nà ló máa tọ̀.

Níbi tí omi ti ń sáré jù, ẹ fi ìtì igi dá a lẹ́kun. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ ri ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, kórí rẹ̀ méjèèjì ju etí ọ̀nà lọ, kó sì dábùú ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bíi dígírì 45. Àwọn tó ń gbé e dábùú tààrà ni iyanrìn máa ń kún ẹ̀yìn rẹ̀ fún láàárín òjò ọdún kan, tí omi á sì fò ó kọjá. Kódà èyí tẹ́ ẹ gbé dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ máa kó iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ká kàn da òkúta wẹ́wẹ́ síbi ẹrẹ̀ ni? Tírọ́ọ̀kì kan á yanjú ẹ̀.

OjúỌ̀nà:
Ẹrẹ̀ á gbé e mì. Ọdún kan ni, ẹ ó tún ra òmíràn. Bí omi bá ní ibi tó lè jáde sí, ẹ fún un lọ́nà, ẹrẹ̀ á gbẹ láìsí òkúta. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí omi kò níbi tó máa gbà, ẹ gbé ọ̀nà ga: òkúta ńlá sí etí méjèèjì, òkúta tó tó ìkúùkù nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ pupa lókè, kó fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ilẹ̀ lọ. Tàbí kẹ́ ẹ fi pákó ṣe afárá pẹlẹbẹ. Ní ti tírọ́ọ̀kì, ẹ bi ara yín ibi tó máa gbà wọlé. Táyà rẹ̀ á ba ohun tó ju ẹrẹ̀ yẹn lọ jẹ́.

Alayùn:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa wò ó pé òun á gé e. Igi tó gbẹ tó dúró kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹyẹ akókó ń gbẹ́ ihò sí i, ẹyẹ mìíràn àti àdán á wá gba ihò náà, olú àti kòkòrò á jẹ èyí tó kù. Igi gbígbẹ tó kọjú sí ọ̀nà tàbí ìjókòó nìkan ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù, ìyẹn náà sì di ti òṣìṣẹ́ igbó. Ẹ kọ ibi tó wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì yí ọ̀nà gbà títí wọ́n á fi dé. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ. Èyí kò ní àríyànjiyàn.

Ẹ̀ka tó dí ọ̀nà, tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ lè fi ayùn ọwọ́ gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó fi ayùn kàn án. Ẹ kọ́kọ́ gé e láti ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara igi, títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ gé e láti òkè, síwájú díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀ka á já láìfa èèpo ya. Ẹ wá gé ìyókù níbi tó wú díẹ̀ tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi, ẹ má gé ibi tó wú yẹn mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé. Ẹ má fi ọ̀dà kun ún, kò wúlò fún un.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Èèyàn 40 tí kò ní ètò, ọ̀sán ni wọ́n á máa lọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wo ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wákàtí méjì àbọ̀ ti tó fún iṣẹ́ ọwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti àlàyé: irinṣẹ́ tá a máa lò, bí a ṣe ń gbé e lọ, mítà 3 láàárín ẹni méjì tó mú ohun mímú lọ́wọ́, ibi tí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà, ẹni tó ní ọkọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé, kẹ́ ẹ pè é nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde.

Ní ti ẹni tí kò lè gbé ọkọ́, òun gan-an lẹ̀ ń wá. Ìwé orúkọ, fọ́tò, kíka ẹyẹ, fífọ irúgbìn, pípe iléeṣẹ́ ìjọba títí wọ́n á fi gbé fóònù. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fọ́tò. Ẹ yan ibi mẹ́wàá nínú igbó, ẹ ri òpó kékeré mọ́ ibẹ̀, kí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1 àbọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ẹ gbé fóònù lé orí òpó náà, kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí ibì kan náà tí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí. Ẹni tó ń di fóònù mú lọ́wọ́, igun rẹ̀ á yàtọ̀ nígbà gbogbo, fọ́tò méjì kò sì ní ṣeé fi wéra. Ọmọdé àti àgbàlagbà ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, òun sì ni ẹ̀rí tí aláṣẹ igbó máa ń gbà láìjanpata.

Owó: ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Èmi kò mọ ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ká ju owó kékeré tẹ́nì kan kò ròyìn lọ.

Ẹnu_Ọ̀nà_Ẹ̀yìn:
Ẹ̀yin ará, ìdọ̀tí o. Kíkó o nìkan kò tó, bí ọkọ̀ bá ṣì lè débẹ̀, á padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀, torí ìdọ̀tí máa ń sọ ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti yanrìn, ẹni tó ń kọ́lé nítòsí ni. Bó bá jẹ́ koríko àti òdòdó tí wọ́n gé, ilé tó bá igbó pààlà ni, ewéko àjèjì inú ọgbà wọn sì ni ẹ̀yin ń fà tu lódì kejì. Àwọn yìí kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ lọ kí wọn nílé, kẹ́ ẹ fi ohun tó hù lẹ́yìn ògiri wọn hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kíkó o: ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìdìmú onírin gígùn. Abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́ kì í wọ àpò, inú ike líle tó ní ìdérí ni. Ẹ má kún àpò ju ohun tẹ́nì kan lè gbé lọ. Ẹ ti bá ọkọ̀ tó máa kó o sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, torí òkìtì àpò tó sùn síbẹ̀ mọ́jú á pe òmíràn. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ yí òkúta ńlá tàbí ìtì igi dí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi àlàfo mítà 1 àti díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ bi òṣìṣẹ́ igbó ná, kí ọkọ̀ panápaná lè rí ibòmíràn gbà.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Bí ẹni tó bá igbó pààlà bá ń sún ògiri rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?

Aṣọ́gbó:
Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àti àwòrán tí ìjọba fi ya igbó náà sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá òpó ààlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà kùn ún, kẹ́ ẹ sì máa rìn ín lóṣù mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú fọ́tò tó ní ọjọ́ lára. Ẹ má wó ògiri ẹnikẹ́ni. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣọwọ́ sí ju iléeṣẹ́ kan lọ. Ní igbó Karura, nílùú Nairobi, wọ́n ti pín ilẹ̀ igbó fún àwọn tó ń kọ́lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, wọ́n ṣe Wangari Maathai, obìnrin ọmọ Kenya tó ń jà fún igi àti àyíká, léṣe níbẹ̀ nígbà tó lọ gbin igi. Igbó náà ṣì wà. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò, Friends of Karura, bá iléeṣẹ́ igbó Kenya ṣètọ́jú rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn, wọ́n yí ọgbà ká a, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Igi gbígbìn Maathai níbẹ̀ kì í ṣe torí pé irúgbìn wọ́n. Ó ń fi sọ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá Ìyá_Nọ́sìrì jà lórí igi etí ààlà.

Ìyá_Nọ́sìrì:
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gbà fún mi, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú fọ́tò rẹ̀.

AwòẸyẹ:
Ẹ jẹ́ ká wá sórí àjọyọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni Ọjọ́ Igbó Àgbáyé, Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè ló yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 2012. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí igbó yín ń ṣe lásìkò yẹn. Bó bá bọ́ sí àárín ìgbà tí ẹyẹ ń yé tàbí tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ fún iná, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.

Ohun tó máa ń fa èèyàn ni ìrìn kúkúrú tí ẹnì kan ń ṣàlàyé. Kó má ju kílómítà 1 àbọ̀ lọ, kó gba wákàtí kan àbọ̀, kí èèyàn má ju 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, afinimọ̀nà kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn pátápátá tí kò ní jẹ́ kẹ́nì kan ṣáko. Ẹgbẹ́ kejì á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ibi ìdúró mẹ́fà ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ ti ṣiṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò orí òpó tí Akọ̀wé sọ, kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Lálẹ́, ẹ ta aṣọ funfun, ẹ tan iná sí i, kòkòrò á bà lé e, àwọn ọmọdé kò ní fẹ́ lọ sílé. Ẹ pa iná náà lẹ́yìn wákàtí kan kí àwọn kòkòrò náà lè rí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá ní iNaturalist, ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń dá ewéko àti ẹranko mọ̀, kó máa ya ohun tó bá rí síbẹ̀, á ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà nínú igbó.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ má bínú o, láìsí orin, èèyàn kò ní wá. Ìrìn àti fọ́tò yẹn, àwọn tó ti fẹ́ràn igbó tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa wà níbẹ̀.

AwòẸyẹ:
Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹnu ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń dúró sí, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjú sí títì, kó sì dákẹ́ ní wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, torí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń padà wálé. Inú igbó gan-an, rárá. Kò sí bàlúùnù, kò sí bébà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fọ́n. Àmì ọ̀nà, okùn ni kẹ́ ẹ fi so ó mọ́ igi, kẹ́ ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, ẹ yí ìrìn padà sí orí ọ̀nà tó le. Ẹsẹ̀ igba èèyàn lórí ọ̀nà tútù á ba iṣẹ́ oṣù mélòó kan tí OjúỌ̀nà ṣe jẹ́ láàárọ̀ kan.

Ará_Ìdí_Igbó:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Igi 60 ni a máa gbìn, etí ààlà, nígbà òjò. Ìbéèrè kan ló kù: irinṣẹ́. Ti ara wa ni ọ̀pọ̀, a máa mú wọn láti oko àti ọgbà wa. Ṣé ó burú?

Fàátu:
Kò burú, bí ẹ bá fọ̀ wọ́n. Ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọkọ́ àti abẹ́ bàtà lè gbé irúgbìn àti àrùn gbòǹgbò láti ọgbà wọ igbó. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì líle àti abọ́ omi ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà: ẹ kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ kúrò nígbà tó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi omi fọ̀ ọ́. Ayùn àti sísọ́ọ̀sì, ẹ fi sípíríìtì nù ún láti igi kan sí òmíràn, pàápàá bí igi bá ń ṣàìsàn. Ewé Akíntọ́lá ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ gbọn ṣòkòtò yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kì í ṣe nílé. Kẹ́ ẹ sì kun ọwọ́ gbogbo irinṣẹ́ ní ọ̀dà olómi ọsàn, ẹ kà á bí ẹ ṣe ń pín in, ẹ kà á bí ẹ ṣe ń gbà á padà. Àdá tó bá sọnù sínú ewé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló máa rí i.